Òkú tí Bàbá Mi Ń Béèrè

Òórùn láfún tí wọ́n sá síwájú ilé ló máa ń kọ́kọ́ bá mi bí mo bá rántí òdẹ̀dẹ̀ bàbá mi ní Ẹdẹ. Ibẹ̀ la máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì, èmi lórí àpótí, bàbá mi lórí àga wọn, ìwé náà lórí itan mi. Ìtàn apànìyàn ni, láti ìlú oníyìnyín kan lókè òkun, tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ló mú un wá fún bàbá wa nígbà tó wálé kẹ́yìn. Tíṣà ni bàbá mi tẹ́lẹ̀, ìwé ni oúnjẹ wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò ríran mọ́. Èmi ni mò ń kà á, tí mo ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn.

Ohun tí a rò pé bàbá mi kò mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Mọ́tò ló pa á nílùú òyìnbó yẹn, òkú rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì níbẹ̀, ìwé àṣẹ tí a ó fi gbé e wálé kò tíì pé. Ìwọ náà kúkú mọ̀ wá, a kì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó. Nígbà tí wọ́n wá ní kí n ka ìwé tí ọmọ àwọn mú wá, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀?

Nínú ìtàn náà, wọ́n hú òkú ọmọbìnrin kan jáde lábẹ́ yìnyín, ọlọ́pàá sì gbé e sí yàrá òtútù. Èmi ń wá ẹni tó pa á. Bàbá mi kò bìkítà fún ìyẹn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè pé, “Ṣé wọ́n ti sin ín?” Nílé wa, ẹni tó bá kú láàárọ̀, ilẹ̀ kì í ṣú bá a lókè eèpẹ̀. Ó sú mi. Lọ́jọ́ kan, mo parọ́.

“Wọ́n ti sin ín, bàbá.”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti sin òun náà?”

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Jímọ̀ mẹ́ta ti kọjá tí kò pè mí,” ni wọ́n wí. “Ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀, mo bá gbà fún yín.”

Mo he ìwé náà nílẹ̀, mo sì ń kà á lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Bàbá mi kú kí ìwé àṣẹ tó pé, ọjọ́ náà gan-an la sì sin wọ́n. A rò pé à ń dáàbò bò wọ́n, àṣé a kàn fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa dá ṣọ̀fọ̀ ọmọ wọn ni. Títí wọ́n fi lọ, kò sẹ́nì kan nínú wa tó kí wọn pé, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù.”