Ẹ̀san Bátìrì Kan

Mo rántí ìgbà tí ahọ́n mi mọ bátìrì ju bí ó ṣe mọ ọbẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kò ta gìtá rí lè má mọ ohun tí mò ń wí. Bátìrì onígun mẹ́rin kan wà tí ó ní orí méjì tó jọ bọ́tìnnì. Òun ni à ń fi sínú pẹ́dà, àpótí irin kékeré tí onígìtá máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá rẹ̀ lè yí padà. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá bátìrì náà yè, wàá fi ahọ́n kan orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ó bá yè dáadáa, yóò ta ọ́ lẹ́nu, ojú rẹ yóò sì fà pọ̀ bí ojú ẹni tó mu ọsàn kíkan. Tí ó bá ti kú, itọ́ ara rẹ nìkan ni wàá tọ́ wò.

Yàrá kan ni mo gbà ní Ìgbògbò nígbà náà. Ọ̀ṣun ni mo ti wá, gìtá kan àti pẹ́dà kan ṣoṣo sì ni gbogbo ohun ìní mi tó ṣe é fi yangàn. Pẹ́dà náà máa ń dá ohùn gìtá padà, bíi pé ẹlòmíràn ń gbe orin mi láti yàrá kejì, mo sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò tó mi láti Ìkòròdú títí dé etí ọ̀sà. Ẹnu mi gùn ju okùn gìtá mi lọ. Iná mọ̀nàmọ́ná kò ṣe é gbọ́kàn lé, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń fi ariwo tirẹ̀ kún orin, nítorí náà bátìrì ni gbogbo wa ń lò, ọ̀dọ̀ obìnrin kan ṣoṣo ni a sì ti ń rà á.

Màmá Alábátìrì ni à ń pè é. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, opó ni, ó sì ní ìsọ̀ pákó kékeré kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Èbúté Ìkòròdú. Òun ló ń tà fún àwọn onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì, àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tó ń wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Kì í jẹ́ kí èèyàn gbé bátìrì lọ láìtọ́ ọ wò níwájú òun. "Tọ́ ọ wò kí n rí ojú ẹ," ni yóò wí, "ahọ́n ni mítà tálákà." Tí o bá wá ń lọ, yóò tún pè ọ́ padà: "Tí o bá ti ṣeré tán, tú u sílẹ̀ o. Jẹ́ kó sùn." Èmi á ní, "Ẹ ṣé, Mà," tí mo bá sì ti yà kọjá, màá bú sẹ́rìn-ín. Kí ni ìyá arúgbó tí kò fọwọ́ kan gìtá rí fẹ́ sọ fún mi nípa pẹ́dà? Wọ́n ní ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo kàn rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n pa á fún ni.

Ọ̀gá olórin kan wà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Onígìtá rẹ̀ ti lọ sí òkè òkun, ó sì ní kí n wá ta gìtá fún òun gbọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Bàbá mi ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa nílé pé mo fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ nítorí okùn mẹ́fà. Mo fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yẹn kí ìròyìn náà lè dé etí bàbá mi. Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ni mo máa ń ra bátìrì tẹ́lẹ̀, àmọ́ ti Ẹ̀pẹ́ yìí, mo múra sílẹ̀ fún un bí ọlọ́gbọ́n: láti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ra tuntun lọ́wọ́ Màmá. Mo tọ́ ọ wò níwájú rẹ̀, ó ta mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo délé, mo fi í sínú pẹ́dà, mo ki wáyà bọ̀ ọ́, mo sì dánra wò títí ìka mi fi ń ro mí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbé gìtá ti ògiri, mo fi pẹ́dà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, wáyà lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kó o sínú báàgì lọ́jọ́ Sátidé, tí mo wọ ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Orin àkọ́kọ́ lọ geere. Ọ̀gá olórin ń mi orí, ẹni tó ń lu ìlù ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ní àárín orin kejì, níbi tí mo ti fẹ́ fi gbogbo ohun tí mo mọ̀ hàn, ohùn gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ó rọ, ó kéré, ó sì dákẹ́. Ìlù àti dùùrù ń lọ láìsí èmi. Mò ń tẹ pẹ́dà bí ẹni tó ń tẹ aáyán pa. Ó yẹ kí n yọ pẹ́dà kúrò láàárín, kí n ki wáyà gìtá bọ inú ẹ̀rọ tààrà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ lánàá gan-an mọ ìyẹn. Ìtìjú kò jẹ́ kí n ronú kàn án. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí wọ́n dúró. Kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù. "Àbúrò, máa lọ sílé," ó ní. "Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn wa, èmi ni wọ́n máa bú." Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi yí po, ó ti gba ẹlòmíràn, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń to okùn gìtá.

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìkòròdú ni mo ti yọ bátìrì náà, mo fi ahọ́n kàn án. Kò ta mí rárá. Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: Màmá ló ta òkú fún mi, ó sì fi ahọ́n èmi fúnra mi ṣe ẹlẹ́rìí. Ìyá mi máa ń sọ pé ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Tèmi lẹ́sẹ̀, ó sì mọ ọ̀nà ìsọ̀ Màmá. Àmọ́ mi ò fẹ́ bá a jà, nítorí ìjà a máa tán. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má yà síbẹ̀, kí òun náà mọ bí ó ṣe ń rí tí gbogbo ayé bá ń wo èèyàn tí ohùn rẹ̀ ti kú.

Fún ọjọ́ mélòó kan ni mo fi ń kọjá níwájú ìsọ̀ náà bí ẹni tó ń lọ sí èbúté. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí ohun tí mò ń wá. Màmá sá bátìrì mẹ́fà sóòrùn lórí páànù lẹ́yìn ìsọ̀. Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ yìí mọ̀ pé bátìrì rédíò tó ti rẹ̀ máa ń jí díẹ̀ tí oòrùn bá pa á. Ìyá mi ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ìyá tiyín náà ṣe é. Àwọn rọ̀bọ̀tọ̀ ni ti Màmá, ti rédíò tí ó fi ń gbọ́ wàásì. Kì í ṣe irú tiwa. Mo rí i kedere pé kì í ṣe irú tiwa. Mo dúró lókèèrè, níbi tí fọ́tò kò ti ní fi bí wọ́n ṣe rí hàn, mo yà á, mo fi síìmù tuntun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù olórin Ìkòròdú tí mo mọ̀ lórí fóònù. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wo bí Màmá Alábátìrì ṣe ń jí òkú bátìrì kó tó tà á fún yín."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, fọ́tò yẹn ti padà dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ èèyàn márùn-ún, èébú tuntun sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ra gìtá. Mo máa ń lọ jókòó lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, kí n lè máa wo ẹ̀san mi bí ó ṣe ń jinná. Màmá á nu eruku lára bátìrì tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láti àná. Á dìde, á wo òkè ọ̀nà, á wo ìsàlẹ̀, á tún jókòó. Èmi á rọra bu búrẹ́dì jẹ.

Ọjọ́ kan ó rí mi, ó sì sọdá wá bá mi. Mo rò pé ó ti mọ̀.

"Olórin," ó ní, "wọ́n ní ẹnì kan ń bà mí lórúkọ jẹ́ lórí fóònù. Èmi ò mọ fóònù lò. Jọ̀ọ́, bá mi wá ẹni náà. Kí n kàn bi í léèrè ohun tí mo fi ṣe é."

"Màá bá yín wá a, Mà," ni mo wí.

Ó gbàdúrà fún mi níbẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi kò ní bàjẹ́, ó sì padà lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo ṣe àmín. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ó ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́, ó ti padà sí Ẹ̀pẹ́.

Láti ìgbà náà, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ni mo ti ń ra bátìrì, èyí tó wọ́n jù lórí àtẹ. Àkọ́kọ́ kú lọ́jọ́ kejì. Mo ra òmíràn, òun náà kú. Mo ti ń múra ogun sí àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà, kí n tó rò ó pé kí n kọ́kọ́ gbé pẹ́dà lọ bá bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe ní Ìgbògbò. Kò tilẹ̀ tú u. Ó wo wáyà tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó wá wò mí.

"Báyìí lo ṣe máa ń gbé e kiri?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ihò tí o ki wáyà bọ̀ yìí, òun ni súìṣì ẹ̀. Tí wáyà bá ti wà níbẹ̀, bátìrì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bóo ta gìtá, bóo ò ta gìtá. Kò ráyè sùn rí lọ́dọ̀ ẹ."

Bí ó ṣe dárúkọ oorun yẹn, mo jókòó sórí àpótí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí n jókòó. Gbogbo bátìrì tí Màmá tà fún mi ló dára. Èmi ni mo pa wọ́n, èmi náà ni mo sì pa ọjà rẹ̀.

Ó pẹ́ kí n tó lè lọ. Nígbà tí mo lọ, àwọn ẹlẹ́ja ọjà Ẹ̀pẹ́ ló júwe ilé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fún mi, nítòsí ọ̀sà. Mo bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù, páálí kan sì wà lábẹ́ àga náà. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. "Olórin," ó ní, "ṣé o ti bá mi rí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní, "Mo ti rí i, Mà. Èmi ni." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti fọ́tò, ti búrẹ́dì, ti wáyà tí mi ò yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé, ó kéré tán, kí ó jẹ́ kí n ra ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọjà rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ti páálí náà síta kí n lè rí inú rẹ̀. Bátìrì tiwa ni, onígun mẹ́rin, èyí tí ó kó gbogbo owó ọjà rẹ̀ lé lórí kí fọ́tò mi tó jáde. Ọjọ́ ti lọ lórí wọn. Omi ti sun jáde lára wọn, ó ti gbẹ, ó funfun bí iyọ̀.

"Èmi kì í ta òkú bátìrì," ó ní.

Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè kí n dákẹ́.

"Dìde. Mi ò bá ẹ jà. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́ ni mo ti fi ẹni tó ṣe é lé Ọlọ́hun lọ́wọ́. Ní gbogbo ìrun ni mo fi ń rán An létí. Mi ò mọ̀ pé ìwọ ni, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ padà. Mo gbàdúrà fún ìwọ, mo gbàdúrà lòdì sí ẹni náà. Ọlọ́hun ló mọ èyí tó máa gbà."

Ọdún ti gorí ọdún. Màmá ti re ibi àgbà ń rè, kò sì sí ẹni tó lè bá mi jókòó sórí ẹjọ́ náà mọ́. Mo ṣì ń ta gìtá, ẹgbẹ́ tí mo wà nísinsìnyí sì lórúkọ díẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá dára fún mi, mo máa ń rò pé àdúrà ọjọ́ búrẹ́dì ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá bàjẹ́, tí ọmọ mi ń ṣàìsàn tàbí tí eré fò mí ru, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣeré máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí orin bá ti parí, kí n tó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mò ń yọ wáyà. Wọ́n rò pé ahun ni mí, pé mò ń ṣọ́ bátìrì. Mo máa ń yọ ọ́ síta, mo sì máa ń fi ahọ́n kàn án kí n tó fi í sápò. Ó ṣì máa ń ta mí.