Aṣọ Ilé-Ìwé Tí Ìyá Ràmátù Hun

Nígbà tí mo kéré, tí igbá dòdò ṣì tóbi ju orí mi lọ, ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kan ní Ìkirè ni mo ti ń tajà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí dòdò ìgbà náà ṣe rí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ìyá mi á gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú bí èédú. Ewé la fi ń pọ́n ọn. Ata rẹ̀ á máa ta ọ́ lẹ́nu, síbẹ̀ o kò ní lè dáwọ́ jíjẹ rẹ̀ dúró. Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ilé-ìwé, èmi wà lẹ́nu ọ̀nà. Owó ilé-ìwé ọmọ kan ló wà nílé, èmi sì ni àkọ́bí obìnrin. Wọ́n ní ẹni tó máa ran ìyá lọ́wọ́ kì í jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ibẹ̀ ni mo ti rí Ràmátù. Ìgbìrà ni òun àti àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣe lébìrà nínú oko kòkó lọ́nà Àpòmù, wọn kì í sì í sanwó fún un àfi lópin ọdún. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe sí ọmọ Ìgbìrà nígbà náà. Bí ewúrẹ́ bá sọnù, ọ̀dọ̀ wọn la á kọ́kọ́ wò. Gbogbo wa gbà pé oko ni Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wọn fún. Ìyá Ràmátù nìkan ni kò gbà.

Ilé-ìwé ní aṣọ búlúù ni kí ọmọ wọ̀ wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó má wọlé. Ìyá Ràmátù kò rówó ra aṣọ, ṣùgbọ́n ó mọ aṣọ hun, bí ọ̀pọ̀ obìnrin Ìgbìrà. Ó ran òwú, ó rẹ ẹ́ láró, ó hun ún lórí òfì tó gbé ti ògiri, ó sì rán an fún ọmọ rẹ̀.

Áà! Aṣọ náà nípọn bí èyí tí à ń fi gbéyàwó. Bí ọmọ náà ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń pariwo: "Ìyàwó dé! Ọkọ dà?" Nígbà tí oòrùn mú, tí òógùn bò ó, aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ọrùn rẹ̀, apá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di búlúù bí ìyẹ́ ẹyẹ. "Agbe! Ẹ wá wo agbe!" Èmi tí n kò tilẹ̀ ní aṣọ ilé-ìwé kankan, èmi ni mo pariwo jù. Ọ̀gá ilé-ìwé lé e jáde torí ó ti fi aró kun bẹ́ǹṣì. Ó lọ láìsunkún.

Mo délé, mo ń fi ẹ̀rín ròyìn fún ìyá mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Agbe tó laró, tí kì í ráhùn aró, lẹ fi ń bú èèyàn? Ìwọ, ta ló hun aṣọ fún ọ?" Ó ní kí n kúnlẹ̀ nídìí iná, kí n nawọ́ sókè, títí òun á fi dín dòdò inú agbada tán. Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó yíjú sí èéfín. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo mọ̀ pé ara rẹ̀ náà ló ń bá wí.

Ìyá Ràmátù kò wá aṣọ mìíràn. Ó gbé èyí lọ sódò, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó tún fọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n dá wọn padà. Ọjọ́ kẹta, bákan náà. Lọ́jọ́ kẹrin, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ dé iwájú ọ̀gá. Mo sọ igbá mi kalẹ̀ kí n lè rí wọn dáadáa. Ó tú gèlè funfun orí rẹ̀, ó rì í bọ omi, ó fi nu aṣọ ọmọ náà láti èjìká dé ìsàlẹ̀, ó wá nà án sí ọ̀gá. Gèlè funfun síbẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò délé: "Bàbá, wò ó. Aró ti lọ. Ọmọ wọlé?"

Àwọn ọmọ fọwọ́ bonu pé ta ló ń sọ "wò ó" fún ọ̀gá. Ọ̀gá kò ka ìyẹn sí. Ó yẹ gèlè náà wò níwájú àti lẹ́yìn, ó ní, "Wọlé, ọmọ. Lọ jókòó."

Aṣọ náà ni Ràmátù fi kàwé jáde. Bó ṣe ń ga ni ìyá rẹ̀ ń hun etí kún un. Ti àbúrò mi ya lẹ́ẹ̀mejì; tirẹ̀ kò ya. Ó di nọ́ọ̀sì, òun ló sì gbẹ̀bí ọmọ mi kẹta ní Gbọ̀ngán. Mo ń rọbí lọ́wọ́, mo tún ń tọrọ àforíjì. Ó ní, "Ọmọ ti ń bọ̀, ìwọ ń sọ̀rọ̀ agbe! Gbájú mọ́ṣẹ́, jàre."

Ayé ti sàn ju tìgbà yẹn lọ. Ọmọbìnrin ń kàwé bí ọkùnrin, kò sẹ́ni tó ń yà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí ọmọ méjì tó ru igi ìdáná kọjá níwájú ilé mi lásìkò ilé-ìwé. Ọmọ Àgàtú ni wọ́n, àjèjì bí àwọn Ràmátù, lébìrà ni bàbá wọn. Mo bi bàbá wọn léèrè ìdí tí wọn kò fi lọ sílé-ìwé. Ó ní ilé-ìwé ń béèrè ìwé-ẹ̀rí ìbí, inú oko ni wọ́n sì bí wọn sí, ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èyí le ju ti àtijọ́ lọ lójú mi, torí ìyá lè hun aṣọ, kò lè hun ìwé. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé-ẹ̀rí náà ní kánsù. Ó ní òun á mú wọn lọ bí a bá parí. Mo ní èyí tí a kọ ti tó, kó dìde.