Ọkọ̀ Méjì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Sílẹ̀

Lẹ́yìn tí a sin ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀kà, àwọn àgbà ẹbí pè mí jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi kò bímọ. Nílé tiwa, bí ẹni tí kò bímọ bá kú, àbúrò rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mú nínú ogún; kò kan ìyàwó. Ọkọ̀ méjì ló fi sílẹ̀. Àbúrò bàbá wa kan ṣoṣo tó ṣì wà láyé ní:

"Wa méjèèjì dé Ìkàrẹ́, kí o wá mú èyí tó bá ọ lára mu. Lẹ́yìn tí o bá mú tán, a ó ta èyí tó kù."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Ìkàrẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ wà, ọkọ̀ kékeré inú méjèèjì ló sì ń gbé e lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi, kò sí èyí tó dùn mí.

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ wà. Kàdúná ló ti rà á, nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti di òrùlé mú kí n tó ju ìdí sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ga jù mí lọ, síìtì sì ti dípẹtà mọ́ ibi tó sún un sí. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo ti rò pé bí mo bá jókòó síbẹ̀, ẹkún á dé. Kò dé. Pẹtiróòlù ló ń rùn.

Ó fi ariwo sọ̀kalẹ̀ ní òkè Ọ̀kà. Kò sí kòtò kan lọ́nà Àkùngbá tí ìbàdí mi kò mọ̀. Ní Ìkàrẹ́, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Bàbá, ẹ̀yin àti ọkọ̀ yìí, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni o!"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bá mi lọ nínú èkejì, ọkọ̀ kékeré yẹn, torí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, n kò sì wa irú rẹ̀ rí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gé, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ibẹ̀ ló sì ń ṣí láti kó aṣọ sí. Ó tẹ bọ́tìnì kan fún mi láti fi tan ẹ́ńjìnnì; n kò gbọ́ ariwo kankan.

"Ṣé kò tíì tan ni?"

"Ó ti tan tipẹ́, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ òsì yín ńkọ́? Ẹ gbé e sinmi. Kò níṣẹ́ níbí."

A jókòó bí ẹni wà lórí àga nílé. Ẹ́sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí wa. Kòtò wọ̀nyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ wọ́n lára. Nígbà tí à ń gun òkè padà, ó ní:

"Ẹ mú èyí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ta sípọ́ọ̀tì tó lọ sílẹ̀ yẹn."

"Orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn kò lè wọ̀ ọ́."

"Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́? Orogún mi ni. Gbogbo Sátidé ni ẹ̀gbọ́n yín máa ń fọ̀ ọ́, tí oúnjẹ mi á tutù. Bí òun náà bá lọ, ta ni mà á máa bá jà nínú ilé yẹn?"

"Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Mà á gun ọ̀kadà."

Èmi àti òun mọ̀ pé orúnkún yẹn kò lè gun ọ̀kadà.

Nígbà tí a délé, àbúrò bàbá wa bi mí pé èwo ni.

"Àkọ́kọ́ dùn mí ní ìbàdí. Ìkejì, ẹsẹ̀ òsì mi kò ríṣẹ́ ṣe. N kò tíì mú."

"Mú ọ̀kan, ká ríbi ta ìkejì!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n mú kí ẹ tó tà. N kò tíì mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n wà, lọ́wọ́ ìyàwó."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Àwọn kan ní mo gbọ́n. Kì í ṣe ọgbọ́n. Wọ́n gbé méjèèjì síwájú mi, ọkàn mi kò sì fà sí ìkankan.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ kékeré kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, aṣọ kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fọn fèrè. Mo nawọ́ sí i. Àbúrò bàbá wa ṣì máa ń bi mí bóyá mo ti mú. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún mi.