Ikọ̀ Tó Ní Ìgúnpá Méje

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìwé kíkọ kò lè da mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ rú, ẹ ní kó wá bá mi ní Ẹdẹ. Èmi tíṣà físíìsì ni mo jókòó tí mo kọ ìtàn nípa àwọn ẹ̀dá inú òfuurufú, tí wọ́n ń rán ikọ̀ síra wọn láti wá àlàáfíà, tí wọn kò sì rí àlàáfíà náà. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, owó ara mi ni mo sì fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé tó ṣókùnkùn ni. Gbogbo wọn ló kú tán ní orí tó kẹ́yìn, ìyẹn gan-an ni mo sì ń fi yangàn kiri.

Ọkùnrin tó bá mi tẹ̀ ẹ́ kò tẹ nǹkan mìíràn rí ju káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ìsìnkú. Ó ka ojú ìwé bíi mélòó kan, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ibo lẹ fẹ́ kí n fi fọ́tò olóògbé sí?"

Mo ní kò sí olóògbé níbẹ̀.

Ó ní, "Àwọn tó kú níbí mà pọ̀ o."

Nígbà tí mo padà lọ, ó ti fi ìlà dúdú yí gbogbo ojú ìwé ká látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ní ọ̀fẹ́ lòun ṣe é, kí n má dúpẹ́. Mo fẹ́ẹ̀ ya wèrè lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n sì ti dì í.

Àṣìṣe tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló pọ̀ jù. Ọkùnrin tó bá ń wá ìyàwó, tó sì ní nǹkan tuntun, ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbé e lọ: ìbáà jẹ́ iṣu tuntun, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tuntun, kí wọ́n lè fi àdúà sí i. Èmi ò ní iṣu, n ò sì ní ọkọ̀. Mo gbé ìwé lọ fún bàbá àfẹ́sọ́nà mi.

Akódà kóòtù ìbílẹ̀ ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ wọn ni láti máa gun kẹ̀kẹ́ gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ bá àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní oko àti abúlé. Mo rò pé wọ́n á kàn gbé ìwé mi sórí kọ́bọ́ọ̀dù ni, kí wọ́n máa fi han àlejò. Háà! Bàbá kà á. Ní ojoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Aláásárì, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wọn, wọ́n á máa kà á sókè fún àwọn aládùúgbò. Mo gbọ́ pé àwọn èèyàn ń gbé àpótí wá láti ilé wọn. Orí mi wú. Mo ti ń sọ fún ara mi pé mo ti di gbajúmọ̀ nìyẹn.

Àfi bí àfẹ́sọ́nà mi ṣe pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá ní kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mọ́."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní o pa ikọ̀."

Ní orí kẹsàn-án ìwé náà, ikọ̀ kan tó ní ìgúnpá méje lọ bá àwọn ọ̀tá fún ìpàdé àlàáfíà. Wọ́n kí i káàbọ̀, wọ́n fún un ní àga, wọ́n bu omi fún un. Bó ṣe mu omi náà tán ni wọ́n gé orí rẹ̀. N kò kọ nǹkan tó dùn mọ́ mi nínú tó orí náà rí. Mo wá jókòó sórí ibùsùn, fóònù lọ́wọ́, ẹ̀rù sì bà mí gidi, torí mo fẹ́ràn ọmọ yẹn, n ò sì mọ bí mo ṣe lè máa gbé láyé láìsí i.

Bí ilé wa ṣe rán àwọn àgbà lọ bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ ló ṣíwájú, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ ìyá ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tẹ̀lé wọn, èmi sì wà lẹ́yìn. Kò sí èyí tó ka ìwé náà nínú àwọn méjèèjì. Bí a ṣe wọlé báyìí, èmi àti àbúrò bàbá mi ti wà nílẹ̀ gbalaja.

Àbúrò bàbá mi ní, "Bàbá, ẹ bá wa foríjì ọmọ yín. A gbọ́ pé ó pa èèyàn."

Láti ilẹ̀ tí mo wà, mo ní, "Kì í ṣe èèyàn o! Ìgúnpá méje ló ní."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi já mi ní èékánná. "Pa ẹnu rẹ dé! Ṣé ìgúnpá la wá kà níbí?"

Bàbá ò tilẹ̀ wò mí. Wọ́n ní, "Ó wọlé wọn. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún, wọ́n sì pa á. Ṣé ẹni tó lè jókòó ro irú èyí ni kí n fọmọ fún?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Bóyá ó kàn dákú ni, Bàbá. Irú àwọn yẹn, a ò kúkú mọ bí ara wọn ṣe rí."

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé ó dákú ni?"

Èmi olórí kunkun, mo ní, "Rárá, sà. Wọ́n ti gé orí rẹ̀."

"Èwo nínú àwọn orí ọ̀hún?" Àbúrò bàbá mi ló bèèrè, ojú wọn ti ń là.

"Ọ̀kan ṣoṣo ló ní."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Gbogbo ìgúnpá yẹn, orí ẹyọ kan."

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àbúrò bàbá mi ti fi orúkọ mi ṣèlérí pé ikọ̀ náà máa délé láàyè kí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tó pé. Ẹnu tí àwọn télọ̀ fi ń ṣèlérí aṣọ Iléyá náà ni wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí a jáde, inú mi ru. Mo dúró láàárín títì, mo ń pariwo pé, "N ò ní jí òkú kankan! N ò ní jí i!" Ọlọ́kadà kan tó fẹ́ dúró gbé wa wo ojú mi, ó sì fi eré sí i. Mo pe àfẹ́sọ́nà mi, mo ṣàlàyé pé bí ikọ̀ náà bá yè, ogun kò ní bẹ́ sílẹ̀, bí ogun ò bá sì bẹ́ sílẹ̀, kò sí ìwé.

Ó ní, "Dá mi lóhùn o. Èmi lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí òkú yẹn?" Ó sì pa fóònù.

Ní ọjọ́ kejì, èmi nìkan ni mo lọ. Mo bá Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé mi wà lórí itan wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó.

"N ò ní kí o jí i," ni wọ́n wí. "Àbúrò bàbá rẹ ló sọ ìyẹn. Ẹni tó kú ti kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé bí o ṣe pa á tán, ní ojú ìwé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń jà nípa ẹni tó ni oòrùn. O sọ ọ́ ní orí kejì pé ó níyàwó. Ta ló lọ túfọ̀ fún un?"

Lóòótọ́, n kò rán ẹnikẹ́ni. Mo ti gbàgbé obìnrin náà pátápátá.

Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọn kò wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ jẹ́ akódà gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Alájue, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Kò padà. Kóòtù wá ní kí Bàbá gbé òmíràn lọ. Ẹni tó bu omi wá fún wọn níbẹ̀, fìlà ọ̀rẹ́ wọn ló dé. Bàbá fi ìwé náà sílẹ̀, wọ́n sá gun kẹ̀kẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, ìyàwó ọ̀rẹ́ wọn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó bi mí pé ọkọ òun dà. Ẹ̀rù àwọn ará abúlé yẹn ń bà mí, ojú obìnrin náà sì tún ń bà mí lẹ́rù jù wọ́n lọ. Mo ní ó ti gba Ìwó lọ." Wọ́n pa ìwé dé. "Gbogbo ìlú bá ní ó ti fẹ́ ìyàwó mìíràn sí Ìwó. Títí dòní."

Omijé bọ́ lójú mi, n kò lè parọ́. Mo tọrọ bébà. A jọ kọ ojú ìwé kan ṣoṣo, níbi tí ẹnìkan ti rìn gba àárín àwọn ìràwọ̀ lọ bá ìyàwó ikọ̀, tó kí i, tó jókòó, tó sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà sí i, Bàbá ní kí n pa á rẹ́. Ọkùnrin ìtẹ̀wé fi ìlà dúdú yí ìyẹn náà ká, n kò sì bá a jà. Gbogbo ilé wa ló jókòó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi sì dorí púpọ̀ kodò nínú tiwọn.

Ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ pé. A dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà wá, ariwo ayọ̀ sọ. Àbúrò bàbá mi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé àwọn làwọn yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ará òfuurufú. Mo wá rí Bàbá tí wọ́n dìde, tí wọ́n lọ jókòó ti ìyá arúgbó kan tí n kò mọ̀ rí. Wọ́n ṣí ìwé mi sí ojú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ìyá náà. Ìyá náà gbọ́ ọ títí dópin, ojú wọn sì dàrú.

Wọ́n ní, "Ta ló ní ìgúnpá méje?"

Bàbá ní, "Ìyàwó wa, ọkọ rẹ ni. Kò dé Ìwó. Wọ́n pa á ní abúlé yẹn. Mo mọ̀, n ò lè sọ ọ́ ni. Foríjì mí."

Ìyá náà tú gèlè wọn, wọ́n gbé e lé itan.

"Kò fẹ́ ìyàwó lé mi," ni wọ́n wí. Wọ́n yíjú sí àfẹ́sọ́nà mi, wọ́n tún un sọ fún òun náà pé, "Ọmọ mi, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni lé mi." Omijé ń dà lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fọwọ́ kan ìwé náà, wọ́n ní kí Bàbá tún un kà látìbẹ̀rẹ̀, ìgúnpá àti gbogbo rẹ̀.