Bàbá Oyèkúnlé àti Ajá Tó Gé Baálẹ̀ Jẹ

Ibi tí ajá Bàbá Oyèkúnlé ti gé Baálẹ̀ Abà Eléku jẹ kì í ṣe ibi tí à ń dárúkọ níwájú ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé gan-an ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Bàbá ti di olóògbé báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Síbẹ̀, bí àlejò bá ti Ìyànà Ọ̀fà ya abà náà, tó mu omi tán, ìtàn ìdí Baálẹ̀ ni yóò gbọ́ kó tó gbọ́ ohun mìíràn.

Káfíńtà ni Bàbá Oyèkúnlé, ọmọ ìjọ Séráfù, ẹni tó gbà pé kò sí ìṣòro tí pákó àti ìṣó kò lè yanjú. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí gbogbo ọmọ sì ti wà nígboro, ó gba ọmọ ajá kan tọ́, ó sọ ọ́ ní Tanímọ̀la. Tanímọ̀la pé oṣù méje, ó ń bàlágà, ni eyín bá bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó gé tíṣà jẹ, ó gé ẹlẹ́mu jẹ, ó gé ọkùnrin tó kàn yà láti béèrè ọ̀nà. Bàbá ti gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ṣòkòtò tó ya kò lóǹkà.

Bàbá kò káwọ́ gbera. Ó rẹ́ pákó pẹlẹbẹ, ó fi okùn sí i, ó kó o sẹ́nu ọ̀nà. Àlejò tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ so pákó mọ́ ojúgun rẹ̀ méjèèjì. Ọjọ́ tí Baálẹ̀ wá fi ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará abà tó o létí, òun náà so tirẹ̀, ó sì ń rìn gbágbá-gbágbá wọlé. Tanímọ̀la jáde. Ó gbóòórùn pákó ọ̀tún, ó gbóòórùn pákó òsì, ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó wá gba ẹ̀yìn Baálẹ̀ lọ.

"Yéè! Oyèkúnlé, ajá ẹ ti pa mí o!"

Bàbá sáré ju ẹja gbígbẹ kan sílẹ̀. Ajá fi ìdí Baálẹ̀ sílẹ̀, ó gbá tẹ̀ lé ẹja. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ Baálẹ̀ fínnífínní.

"Ẹ ò rí i bí pákó yẹn ṣe dára tó? Kò fọwọ́ kan ojúgun yín rárá!"

Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Kò lè jókòó. "Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fún ọ," ló wí. "Bí ajá yìí bá ṣì ń gé èèyàn jẹ nígbà náà, àwọn tó ń fi ajá se ọbẹ̀ ni n ó ké sí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Mùjíbátù ju bó ṣe rò lọ. Òun ni aládùúgbò Bàbá, ewúro díẹ̀ ló pààlà ilé méjèèjì, òun ló sì ń ta ẹja gbígbẹ fún un. Tanímọ̀la ti fa ìró òun náà ya rí. Khàlíl ọkọ rẹ̀ kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ ìrun òun rárá. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí Mùjíbátù bá ń gbálẹ̀, ó máa ń gbọ́ tí Bàbá ń bá ajá náà sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀: bó ṣe ń se èbe, orin tó fẹ́ràn, ohun tó sọ kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ajá yẹn lọ, Bàbá kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e.

Bàbá tún gbé ọgbọ́n mìíràn dé. Ó so agogo mọ́ Tanímọ̀la lọ́rùn, kí àwọn èèyàn lè gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i. Wọ́n ń gbọ́ ọ lóòótọ́, wọ́n sì ń sá wọlé. Ẹni tó wá kó sí wàhálà ni oníbúrẹ́dì orí kẹ̀kẹ́ tó ń lu agogo tirẹ̀ láti Ìyànà Ọ̀fà bọ̀. Ó lu agogo títí, gbogbo ilẹ̀kùn ń tì pa, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀ padà lódidi, ó ní àwọn ará Abà Eléku ti kórìíra òun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mùjíbátù gbé ẹja lọ fún Bàbá, Ishaq, ọlọ́kadà kan, sì ń kọjá lọ. Tanímọ̀la fò mọ́ ọn. Bàbá ju ẹja, ajá jẹ ẹja tán, ó jurù, ó sì gbéra, ó ń wá ẹsẹ̀ mìíràn. Mùjíbátù dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Ajá yìí kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ló ń ṣe, Bàbá ló sì ń sanwó iṣẹ́ fún un.

Wàhálà tó kù ni bí yóò ṣe sọ ọ́. Bàbá Oyèkúnlé kì í gba ìmọ̀ràn. Bí o bá sọ fún un pé òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ jáde lọ wò ó.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí, òótọ́ pọ́ńbélé ni."

"Èwo nínú rẹ̀?"

"Tí ẹ ní ẹja tí ẹ ń jù fún Tanímọ̀la ló ń kọ́ ọ ní gígé èèyàn jẹ. Ẹ ní ìgbà tó bá pa ẹnu mọ́ ló yẹ kó rí ẹja. Ẹ ní ẹni tó bá fò mọ́, kó dúró bí òpó, kó kẹ̀yìn sí i, kó má pariwo, kó má sá, torí eré ló ń wá."

Bàbá fi pẹ́ńsùlù họ etí. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wàláhì, Bàbá." Lójú ẹsẹ̀, Mùjíbátù tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀.

"Ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó," ni Bàbá wí, ó ń mi orí, "ọmọdé ò lè rí i bó gun igi. Ó jọ mí. Mo ti sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kọ́ wọn ní ọgbọ́n tuntun tí òun dá. Bí Tanímọ̀la bá ti yọ, obìnrin tó ru igbá á dúró gbagidi, àwọn tó ń pọn omi á kẹ̀yìn, gbogbo ojú ọ̀nà á dákẹ́. Awakọ̀ kan tó kọjá níjọ́ kan lọ ròyìn nínú ọjà pé òun rí abà kan tí gbogbo èèyàn ti di ère. Kò rọrùn o. Ajá ṣì padà sí ìwà àtijọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ Bàbá sì máa ń lọ sí àpò ẹja fúnra rẹ̀. Mùjíbátù á wúkọ́ láti ẹ̀yìn ewúro, Bàbá á fa ọwọ́ padà.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, gbogbo abà pé jọ. Baálẹ̀ dé. Tanímọ̀la sáré bọ̀, ó la ẹnu.

"Ẹ dúró bí òpó, Baálẹ̀!" ni Bàbá ké. "Ẹ kẹ̀yìn sí i!"

"Ẹ̀yìn wo? Ẹ̀yìn tó gé lọ́jọ́sí?"

"Ẹ dákun, bàbá mi. Òun nìkan ló kù mí kù."

Baálẹ̀ wò ó. Ó mí kanlẹ̀, ó pa ojú dé, ó sì kẹ̀yìn sí ajá. Tanímọ̀la gbóòórùn agbádá rẹ̀. Ó dúró. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń wo ojú Bàbá. Bàbá fún un lẹ́ja, ó wá na èyí tó kù sí Baálẹ̀.

"Ẹ gbà. Ẹ̀yin náà gbìyànjú."

Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ọbẹ̀ ajá mọ́.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú ọyẹ́, àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀. Mùjíbátù ló ń gbé ẹ̀kọ mímu fún un láràárọ̀.

"Mùjíbátù, n kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí."

"Ọ̀rọ̀ wo, Bàbá?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ìwọ lo ní ọgbọ́n yẹn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Ẹnu mi ló wúwo. O ṣeun, ọmọ mi."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mùjíbátù délé, ó sunkún.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Tanímọ̀la wà báyìí. Khàlíl fúnra rẹ̀ ló kọ́ ilé fún un lẹ́bàá ewúro, níbi tí kò ti ní kan aṣọ ìrun. Láìpẹ́ yìí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hàjàrá gbé ọmọ ajá kan wá láti Moniya, èyí tó ti gé gbogbo ará ilé rẹ̀ jẹ. Mùjíbátù fi sùúrù kọ́ Hàjàrá ní ọgbọ́n náà títí ó fi yé e.

"Ta ló kọ́ ọ ní irú ọgbọ́n báyìí?" ni Hàjàrá béèrè.

"Bàbá Oyèkúnlé ni," ni Mùjíbátù dáhùn. "Ìbá wù mí kí o mọ̀ wọ́n."