Ọjọ́ Tí Ohùn Mi Kò Tó

Òórùn kòkó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe òórùn tí àlejò máa ń fẹ́ràn. Ó kan, ó tún dùn lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá sì ti lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó di kó gbó mọ́ ọn lára. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni mo fi mọ abà bàbá mi, lójú ọ̀nà oko lẹ́yìn ìlú Ìsẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń dá gbé láti ìgbà tí ìyá mi ti dolóògbé. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Èmi náà ń dá gbé ní yàrá kan ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, fóònù ló sì wá ń so wá pọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, màá pè wọ́n, wọn á ní oúnjẹ ń bẹ, màá ní ara ń le, a ó sì dágbére. Ìwọ náà mọ irú ìpè bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń sín ohùn ènìyàn jẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù tó ń sunkún pé wọ́n ti jí òun gbé, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà wà níbi iṣẹ́ tó ń jẹ ìrẹsì ní tirẹ̀. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n ṣe lè dá ìròyìn òfegè mọ̀, ṣé màá wá jẹ́ kí wọ́n fi ohùn mi pa bàbá mi ni? Mo lọ sí abà, mo jókòó tì wọ́n níbi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́ ohùn mi, tí ọ̀rọ̀ tó ń sọ bá ti wúwo, kí wọ́n má gbà á gbọ́.

"Kí ni kí n wá gbà gbọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Àfi kí ẹ fojú yín rí mi."

"Àfi kí n fojú rí ọ." Wọ́n tún un sọ bí ẹni ń há ẹsẹ Bíbélì sórí, wọ́n sì mú àdá wọn padà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo rò pé mo ti mọ odi yí bàbá mi ká.

Ọjọ́ ìbí mi bọ́ sí Sátidé lọ́dún yẹn. Iná ti lọ ní àdúgbò wa lábẹ́ òkè Ọlọ́sùnta láti àárín ọ̀sẹ̀, fóònù mi ti kú, mo bá gbé e fún onígbàjámọ̀ kan tó ní jẹnẹrétọ̀ pé kó bá mi fi sí iná. Mo padà sílé lọ fọ aṣọ. N kò mọ̀ pé olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ kí mi kú oríire. Ó mú fótò mi, ó sọ ọ́ di dúdú-òun-funfun, torí àṣà tó gbòde nìyẹn láàárín àwọn tó ń fi fóònù ṣe fótò lọ́ṣọ̀ọ́, ó fi àmì ọwọ́ méjì tó pàdé fún àdúrà sí abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e sí sítátọ́ọ̀sì. Ó ní kí òun wá kọ ọ̀rọ̀ oríire tẹ̀lé e ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ.

Ìwọ sọ fún mi: lọ́dọ̀ tiwa, bí o bá rí fótò ènìyàn tí kò láwọ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀, kí lo máa rò? Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Háà! Ikú dóró." Ẹlòmíì gbé e lọ sí ojú ewé àwọn ọmọ ìlú wa. Kí n tó sá aṣọ tán, mo ti kú.

Obìnrin tí a jọ ń gbé inú ilé kan náà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ń bọ̀ láti ọjà, ó rí mi lẹ́bàá okùn aṣọ, ó ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó pe orúkọ Jésù. Ìgbà tó fọwọ́ kàn mí, tó rí i pé ara mi gbóná, ló tó sọ ohun tó rí. Mo sáré lọ gba fóònù mi. Orí bẹ́ǹṣì ìta ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo jókòó sí, tí mo ń ka ọ̀rọ̀ ìdárò ara mi. Àwọn tí n kò gbúròó wọn láti ìgbà tí a ti jáde ilé ẹ̀kọ́ ní ayé ti ṣófo lójú àwọn. Ọ̀kan ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ sọ̀rọ̀ tán ni, irọ́ gbuu. Wọ́n ní mo lẹ́rìn-ín, mo lawọ́, mo mọ orin kọ. Kí n sọ òótọ́ fún ọ? Inú mi kọ́kọ́ dùn díẹ̀, torí kò sí ẹni tó sọ irú rẹ̀ fún mi rí. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi. Gbogbo wọn ń dárò, àmọ́ nínú àwọn tí ilé wọn kò ju ìsọ̀kò kan lọ sí tèmi, ẹnikẹ́ni kò wá kan ilẹ̀kùn láti wò ó bóyá òkú wà níbẹ̀.

Bàbá mi ló wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo pè wọ́n, fóònù wọn kò lọ. Mo pe ọ̀rẹ́ wọn tí oko àwọn méjèèjì jọ pààlà. Nígbà tó gbọ́ orúkọ mi, ó kígbe, ó tún yára rẹ ohùn sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Adó ló rí fótò náà, tó sì pè é. "Ulé bàbá rẹ ti kún," ló wí. "A kò ì sọ nǹkan kan fún un o, ṣùgbọ́n ó ti mọ̀."

O mọ bí a ti ń ṣe é. A kì í ṣàdédé tú u mọ́ òbí lójú pé ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn àgbà á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ òjò àti oko, títí onílé fúnra rẹ̀ á fi béèrè pé kí ló dé. Bàbá mi kò béèrè. Bí wọ́n ti rí i pé àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ń wọlé lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tó yẹ kí oníkálukú wà lóko, wọ́n dìde, wọ́n mú igi tí wọ́n fi ń tú kòkó ká, wọ́n sì lọ síbi tí wọ́n sá a sí.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ wọn pé kó gbé fóònù fún wọn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ewé gbígbẹ, mo gbọ́ igi tó ń wọ́ kòkó lórí ẹní. Mo pariwo pé, "Bàbá mi, èmi rèé o! Mo wà láàyè!"

Igi náà dúró.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ni bàbá mi wí, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. "Gbé e kúrò létí mi. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé wọ́n ń sín in jẹ."

"Bàbá, èmi ni!"

"Àfi kí n fojú rí i." Mo gbọ́ tí igi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi: kí n wà láàyè, kí n máa pe ẹni tó bí mi, kí ohùn mi má tó. Mọ́tò Ìsẹ̀ ń dúró kí èrò kún, n kò lè dúró, mo gun ọ̀kadà. Eruku bò mí, fóònù ń dún lápò mi lójú ọ̀nà, àwọn tó ti sọkún mi fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé n kò kú, n kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ohun tí mò ń rò ni pé láti iye ìgbà tí mo ti ń pe bàbá mi lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn nìkan ni wọ́n ní. Ohùn ọ̀hún ti wá bọ́ lọ́wọ́ wọn báyìí, èmi gan-an ni mo sì gbà á.

Nígbà tí mo dé, àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì figbe ta. Bàbá mi kò kígbe. Wọ́n ju igi sílẹ̀. Bàbá mi tó jẹ́ pé bí adìyẹ bá tẹ kòkó wọn, abà á mì, wọ́n gba orí kòkó náà kọjá tààrà tọ̀ mí wá. Wọ́n mú ọwọ́ òsì mi, wọ́n yí i padà, wọ́n ń wá àpá kan ní ìdí àtàǹpàkò, níbi tí àdá ti gé mi ní kékeré nígbà tí mo fi dandan lé e pé èmi náà máa bá wọn fọ́ kòkó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún un tẹ̀.

"Ìwọ ni," ni wọ́n wí. Orí kòkó náà ni àwa méjèèjì jókòó sí. Mo sunkún lójú gbogbo ènìyàn, n kò sì tijú.

Àwọn àlejò kọrin ọpẹ́, wọ́n dáná. Ọ̀rẹ́ bàbá mi mú èyí tó jóná jù nínú iṣu sísun, ó nà án sí mi pé, "Gbà, uṣu ọ̀fọ̀ rẹ rèé, fúnra rẹ ni o máa jẹ ẹ́." A rẹ́rìn-ín gan-an. Nígbà tí oníkálukú ti lọ, tó ku àwa méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì fún ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀kọ́ rẹ kò burú," ni wọ́n wí. "Mo pa á mọ́. Àmọ́ ohùn kọ́ ni mo bí."

Olùkọ́ yẹn yọ fótò náà kúrò, ó bẹ̀ mí, a sì ń kí ara wa. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n máa béèrè ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀, ibi tí àwòrán ti wá àti ohun tí wọ́n yọ kúrò lára rẹ̀. Mo wá fi ìbéèrè kan kún un: ta ló wà nítòsí tó lè lọ wò ó? Àwọn ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní fóònù ló wà fún ìyẹn. N kì í bá wọn jiyàn. Yàrá kan náà ni mo ṣì ń dá gbé ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì máa ń dákẹ́ bí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n n kì í fi ìpè ọjọ́ Ìsinmi nìkan tẹ́ bàbá mi lọ́rùn mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọ̀kadà, wọn á jáde, wọn á mú ọwọ́ òsì mi, wọn á tẹ àpá náà, kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀.