Ọmọbìnrin Tí Kò Dìde Nínú Bọ́ọ̀sì

Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé mo ti gbàgbé.

Ní ọdún tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ dìbò yan aláwọ̀ dúdú sípò ààrẹ, ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin mi ni mò ń gbé ní Märkisches Viertel, ní Berlin. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ níléèwé girama nílé. Ọmọbìnrin mi ń gbé ní Lurup, ní Hamburg, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní Altona pinnu láti ṣe ìsìn ọpẹ́ nítorí ìbò náà. Wọ́n ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan tó ṣíwájú àwọn ẹlòmíràn nínú ìtàn Amẹ́ríkà, kó kọ́ ìtàn onítọ̀hún sórí, kó sì wá sọ ọ́ fún ìjọ ní Yorùbá.

Èrò náà dára, mo sì yìn wọ́n fún un. Ọmọ kan mú àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó kọ́kọ́ fi ẹ́ńjìnnì fò lójú òfurufú. Òmíràn mú ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ọmọ-ọmọ mi wá lo ìsinmi Kérésìmesì lọ́dọ̀ mi ní Berlin, ó ní òun ń fẹ́ ẹni tí kò ju ẹgbẹ́ òun lọ. Mo bá sọ ìtàn ọmọbìnrin kan fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, aláwọ̀ dúdú, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ nígbà náà, bí òyìnbó kò bá rí àyè jókòó nínú bọ́ọ̀sì, dandan ni kí aláwọ̀ dúdú dìde fún un. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ yìí ń ti iléèwé bọ̀, wọ́n ní kó dìde, ó ní òun kò dìde. Ọlọ́pàá wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn aṣáájú tirẹ̀ gan-an wò ó, wọ́n ní ó kéré jù láti fi ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, obìnrin aránṣọ kan ṣe ohun kan náà ní ìlú kan náà, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí ọmọ yẹn wà nínú ẹjọ́ tó fòpin sí ìwà burúkú náà.

"Oma, warum kennt die keiner?" Ó ń fi èdè Jámánì bi mí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó lọ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àwa méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Altona. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n ṣe ìdánrawò, alága ètò, bàbá kan tó ti pẹ́ ní Hamburg tí gbogbo ìjọ sì ń bọ̀wọ̀ fún, gbọ́ ìtàn náà dé ibi tí ọmọ yẹn ti kọ̀ láti dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó tó. Ọmọdé jókòó, àgbà wà lórí ìdúró? Mama Tíṣà, irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn?"

Àwọn akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bí àwọn tèmi bá gbọ́ èyí, mo gbé! Tẹ́lẹ̀ náà, wọn kì í dìde nídìí kọ̀ǹpútà."

"Sà," mo ní, "òyìnbó tó wà lórí ìdúró kì í ṣe àgbà. Ọ̀dọ́ lòun náà. Àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n ní kí ọmọ náà dìde fún."

"Ó yé mi, Mama, àmọ́ ó lè má yé àwọn ọmọ. Kó ṣe ti màmá aránṣọ yẹn. Kó sọ pé màmá náà ti darúgbó, orúnkún ń dùn ún, kò lè dìde."

"Kò darúgbó, sà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé díẹ̀ ní ogójì ọdún ni. Kò sì sí ohun tó ṣe orúnkún rẹ̀. Ó lè dìde. Kò gbà láti dìde ni."

"Ẹ jẹ́ kó dùn ún, Mama! Kí ni orúnkún máa bà jẹ́?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kí ni orúnkún máa bà jẹ́? Bí ẹ bá fún obìnrin náà ní orúnkún tó ń dùn ún, ẹ ti gba ìgboyà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di aláìsàn tí à ń káàánú. Mo ti gbọ́ irú irọ́ yìí lẹ́nu àwọn tó kàwé. N kò retí pé inú ìjọ tiwa ni wọn yóò ti pa á láṣẹ fún ọmọdé.

Bọ́ọ̀sì tí àwa àti ìyá ọmọ náà wọ̀ padà sí Lurup kún. Alága wọ ọkọ̀ kan náà. Bó ṣe wọlé ni ọmọ-ọmọ mi dìde fún un, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Ọmọ dáadáa," alága ní, ó sì jókòó. "Ṣé o rí i? Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Èmi ni mo dìde fúnra mi, sà," ọmọ náà dáhùn. "Ẹ ò pe Polizei."

Ìyá rẹ̀ fi ìgbúnwọ́ gún un. Èmi kọjú sí fèrèsé, torí ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi pẹ̀lú bí inú ṣe ń bí mi tó.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn tó fò fò, ẹni tó lọ sí òṣùpá lọ, ó sì bọ̀. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Alága wá kéde pé ọmọ-ọmọ mi yóò sọ ìtàn màmá arúgbó tí orúnkún ń dùn. Ọmọ náà kò dìde. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Ọmọ wa, à ń retí rẹ."

Kò mira.

"Dìde, jọ̀ọ́," ìyá rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má dójú tì mí."

"Mi ò dìde, Mummy. Irọ́ ni."

Alága sọ̀kalẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀. "Mo ní kí o dìde!"

Gbogbo ìjọ ń wo àgbà tó dúró àti ọmọdé tó jókòó. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó dìde kí àgbà, n kò sọ fún un pé kó dìde.

"Alága," mo ní, "ẹ má bínú. Ìtàn tí ẹ ní kó má sọ ló ń sọ fún wa yìí."

Akọrin tó fi àwọn ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ lánàá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Sà, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe rí." Alága wò mí, ó wo ọmọ náà, ó padà sórí àga rẹ̀.

Bó ṣe jókòó tán ni ọmọ-ọmọ mi dìde. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó bọ́ síwájú, ó sì sọ ìtàn ọmọbìnrin náà, àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àti bí àwọn tirẹ̀ ṣe tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí à ń jẹun lẹ́yìn ìsìn, alága gbé ọwọ́ lé orí ọmọ tó sọ̀rọ̀ òṣùpá, ó wúre fún un. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọkọ̀ òfurufú. Ó kọjá lára tiwa bí ẹni tí kò rí i, ó wá bá mi.

"Mama, ọmọ yín láyà. Ṣùgbọ́n ẹ bá a wí."

"Mo ti bá a wí, sà," mo dá a lóhùn. "Ó gbàgbé láti sọ fún yín pé ọmọbìnrin inú bọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà láàyè."